Ìdẹ fún Ẹja tí Kò Fẹ́ Jẹun

Wọ́n ń ta ekòló ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tó mú mi rẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti dé Atlanta, mo sì ti lo oṣù méje níbẹ̀ nígbà náà. Mo ti rí ilé gogoro, mo ti rí títì tí ọkọ̀ mẹ́fà ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni tí ogun ń lé. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu púpọ̀, a ti rí i nínú fíìmù kí a tó dé. Ṣùgbọ́n kò sí fíìmù tó sọ fún mi pé ènìyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù, kó ṣí fíríìjì, kó mú ekòló tí wọ́n dì sínú ike bí ẹni mú yógọ́ọ̀tì, kó sì lọ sanwó rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Tucker, láàárín ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ, kò jìnnà sí apartment tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ohun èlò ẹja pípa ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, n ò fẹ́ ra nǹkan kan. Òórùn ló pè mí. Mo ń kọjá lọ ni ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn, òórùn omi, òórùn àwọ̀n àti ti epo ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi sì rọ́ lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró lójú títì bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ apẹja ni mí. Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ò bí ọkùnrin, èmi sì ni àkọ́bí, nítorí náà èmi ni mo máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, tí mo ń fi ìdẹ sí ìwọ̀ kí n tó lọ wẹ̀ fún ilé-ìwé. Nígbà tó yá, Bàbá ní ó tó. Wọ́n ní kí n kúrò létí omi kí n lọ kàwé. Mo kàwé. Mo di olùkọ́, mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ọdún mẹ́jọ, mo ya máàpù Amẹ́ríkà sójú pátákó láìmọye ìgbà. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ ọkùnrin kan tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, mo sì bá a wá síbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wà ní Fairburn, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í rí ògiri rẹ̀ lódìkejì. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí mi létí. Ohùn obìnrin ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń sọ ibi tí mo máa lọ àti ohun tí mo máa gbé. Tí mo bá gbé e, màá sọ nọ́ńbà rẹ̀, ohùn náà á sì sọ ibòmíràn fún mi. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ shift títí di ìparí. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wálé. Ìgbà mìíràn wà tí mo bá dé ilé, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè, ohùn mi á há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ ò ní rí i bí ohun bàbàrà tí mo bá sọ pé okùn ìwọ̀ ló mú mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ọjọ́ kejì tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọkùnrin kan ń gbìyànjú láti so ìwọ̀ mọ́ okùn, ó ń tú. Ó so ó, ó tú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi itọ́ sí i, mo so ó bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, Miss Darlene, òyìnbó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gbé awò rẹ̀ sójú, ó mú okùn náà, ó fà á títí, kò tú.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ó bi mí.

"Bàbá mi ni."

"Ṣé o ní ìwé àṣẹ iṣẹ́?"

Mo ní. Ó ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé.

Mo pe ilé lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán tiwa ni ìrọ̀lẹ́ tiwọn. Ìyábọ̀, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá, gbé fóònù sí wọn létí.

"Bàbá, wọ́n ń ta ekòló níbí o."

"Wọ́n ń ta kí ni?"

"Ekòló, sà. Inú fíríìjì ni wọ́n ń kó o sí."

"Ekòló tí à ń wú nínú ilẹ̀ yìí?"

"Òun náà ni, sà."

"Ṣé wọn ò ní ilẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ tí Ìyábọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, wọ́n ní, "Mo rán ọ lọ sílé ìwé kí o má baà fọwọ́ kan ekòló mọ́. O wá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò sì gbàgbé rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, kò sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀ ní gbogbo Georgia. Ohun tí mo mọ̀ kí n tó mọ ìwé kà ni wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ fún. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé orílẹ̀-èdè yìí mú mi, ó bó gbogbo ohun tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wọ̀ sọ́rùn kúrò, ó sì dá ọmọdébìnrin iwájú ọkọ̀ yẹn padà sí ipò rẹ̀. Nígbà mìíràn, inú mi máa ń dùn sí i. N ò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Láti ìgbà náà ni ẹja ti di ọ̀rọ̀ àárín wa. Mo sọ fún Bàbá pé àwọn ènìyàn níbí máa ń fi ìwọ̀ mú ẹja láàyè, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì dá a padà sómi.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní eré ni, sà."

"Ṣé ẹja náà mọ̀ pé eré ni?"

Mo sọ ọ́ fún Miss Darlene ní ọjọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sórí páálí, ó sì gbé e kọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí a ti ń gbowó. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Mo ti lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyípadà nínú ohùn Bàbá. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n tún bi mí. Wọ́n bi mí nígbà kẹta, mo sì rò pé ìfẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe wà, wọ́n ní àwọn wà dáadáa, pé ìyá mi ló lọ sọ́jà, kò tíì dé.

Ìyá mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Mo dúró ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ekòló. Mo ní, "Tí wọ́n bá dé, ẹ bá mi kí wọn, sà."

"Wọ́n á gbọ́," ni Bàbá wí.

Ìyábọ̀ gba fóònù, ó kúrò níwájú wọn. Ó ń sunkún. "Sista mi, kò yẹ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Ọjọ́ Sátidé kan ni èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kún, nítorí ojú ọjọ́ dára, gbogbo ayé ló fẹ́ lọ sí adágún. Mo ń ka ìrẹ̀ alààyè tí a ń tà fún ìdẹ sínú páálí fún oníbàárà kan nígbà tí Ìyábọ̀ pè. Mo fi èjìká mú fóònù mọ́ etí.

"Bàbá ti wọ ọkọ̀ lọ láti àárọ̀, wọn ò tíì dé o. Agogo mẹ́ta ti kọjá."

Mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ, ọwọ́ mi sì ń ka ìrẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta tò sẹ́yìn oníbàárà náà. Kí ni mo lè ṣe? Mo mọ gbogbo igun ọ̀sà yẹn. Mo mọ ibi tí omi ti ń ṣàn kánkán àti ibi tí ó ti ń dúró. Ká ní mo wà níbẹ̀, màá mọ ibi tí a ti máa kọ́kọ́ wá wọn. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti ń sọ ọ́ fún Ìyábọ̀, tí kò fẹ́ràn omi rí láyé rẹ̀: "Sọ fún àwọn apẹja kí wọ́n wo apá ibi tí esùsú pọ̀ sí. Apá òsì, Ìyábọ̀. Òsì tí o bá kọjú sí omi." Oníbàárà mi sọ pé mo ti ṣì í kà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn rí wọn nírọ̀lẹ́. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀ láàárín esùsú, àjẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ń dúró de bàbá àwọn kó wá fi ọ̀nà hàn àwọn. Bàbá tí wọ́n ń sọ yẹn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Láti ọjọ́ náà, wọ́n gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Ìyábọ̀ fi í pamọ́ sókè àjà. Ó sọ fún mi pé wọ́n kàn máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí ọwọ́ wọn ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí itan, bí ẹni tó ṣì ń wa ọkọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Downtown, àárín ìlú, láti rí lọ́yà tó ń bá wa ṣe ìwé ìgbélùú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàpẹ̀lẹ́ ni. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí ọ̀rọ̀.

"Ìwé àṣẹ ìrìnàjò rẹ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba," ó ní. "Tí o bá jáde kí ó tó dé, ìwé green card tí ẹ ti kọ di òfo nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọdún púpọ̀ kí o tó tún wọlé."

"Ìgbà wo ni ó máa dé?"

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì sọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Mo pe ọkọ mi, ó wà lójú ọ̀nà níbì kan tó jìnnà. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ó tó dá mi lóhùn. "Tí o bá fẹ́ lọ, lọ," ó ní. "Bàbá ẹni ni bàbá ẹni. Mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ, a ò mọ ìgbà tí a máa tún fojú kan ara wa." Òótọ́ ló sọ, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ká ní ó bú mi ni, ìbá rọrùn fún mi.

Àǹtí Bímpé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló ṣàlàyé àìsàn ìgbàgbé náà fún mi. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Kò tàn mí.

"Kì í padà sẹ́yìn," ó ní. "Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú wọn lọ. Ohun ìsinsìnyí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ohun àtijọ́ ló máa ń pẹ́. Kí ni Bàbá fẹ́ràn jù?"

"Ẹja ni, Mà."

"Máa bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ẹja nígbà náà. Má bi wọ́n bóyá wọ́n rántí. Sáà máa bá wọn sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe wà nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Curtis wọlé ní ìparí ìgbà ooru. Ó ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìntì, aláwọ̀ dúdú ni bíi tiwa, àgbà tó máa ń bọ́ fìlà kó tó kí obìnrin. Ọdọọdún ló máa ń lọ sí odò kan ní Michigan, níbi tí àbúrò rẹ̀ ń gbé, láti lọ pa ẹja sámọ́ǹ. Ọdún mẹ́ta ló ti lọ, ọdún mẹ́ta ló ti padà lọ́wọ́ òfo. Miss Darlene ò mọ nǹkan kan nípa sámọ́ǹ, kò sí i ní àgbègbè wa, kò sì fẹ́ mọ̀. "Tà fún un," ó sọ fún mi, "ohun tó bá ṣáà ti fẹ́."

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Curtis ò mọ ohun tó fẹ́. Ó dúró síwájú ògiri tí a kó ìdẹ kọ́ sí, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìwé tí kò lè kà.

"Orúnkún àbúrò mi ti bàjẹ́," ó ní. "Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà òtútù. Ọdún yìí ló kù tó lè wọ odò. Ọdún mọ́kànlá la ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀, èmi àti òun, nítorí ilé ìyá wa. Ẹja yìí ni nǹkan kan ṣoṣo tí a jọ ń ṣe báyìí. N ò fẹ́ kí ó parí sí òfo."

Mo wo aago. Ìrọ̀lẹ́ ni nílé. Mo pe Ìyábọ̀ lórí fídíò, mo ní kí ó gbé fóònù fún Bàbá. N ò retí púpọ̀. Ní àná ọjọ́ náà, wọ́n ti pè mí ní orúkọ àbúrò wọn obìnrin. Ojú wọn yọ. Wọ́n ti rù sí i.

"Bàbá, bàbá kan wà níbí tó fẹ́ pa ẹja kan, kò rí i pa. Inú omi ńlá ni ẹja náà ń gbé, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ yé ẹyin, ó máa ń gba odò lọ sí ibi tí wọ́n ti bí i."

Ojú wọn yí padà. N ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn tan àtùpà nínú yàrá.

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Curtis. "Ó tẹ̀ bí ìwọ̀, sà. Ó ní eyín."

"Omi odò yẹn, ṣé ó mọ́ àbí ó dúdú?"

"Ó mọ́ gaara, sà. Òkúta ni ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Kí ló fi ń ṣe ìdẹ?"

"Ekòló."

Wọ́n mi orí. "Ṣé ẹja náà ń jẹun tó bá ti wọ odò?"

Ọ̀gbẹ́ni Curtis ní rárá. Ó ní gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé sámọ́ǹ kì í jẹun mọ́ tó bá ti wọ odò. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ó yíjú wò mí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Obìnrin tó ń rọbí, ta ló ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀?" ni Bàbá wí. "Sọ fún un kí ó má fún ẹja náà lóúnjẹ. Kí ó bí i nínú. Kí ó wá ohun tó ń tàn, tó ń gbọ̀n, kí ó jẹ́ kí ó máa kọjá níwájú ẹnu rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó ń ṣọ́ ibi tó fẹ́ bímọ sí á bu ohun tó bá wọ ibẹ̀ jẹ. Okùn rẹ̀ ńkọ́?"

Mo gbé okùn tí Ọ̀gbẹ́ni Curtis ti mú sókè kí wọ́n rí i.

"Ó nípọn jù. Nínú omi tó mọ́, á rí okùn kó tó rí ìdẹ. Kí òjé tó ń fa okùn náà wọ omi fúyẹ́. Ẹja mọ ohun tí omi gbé wá, ó sì mọ ohun tí ènìyàn ń fà."

Mo ń túmọ̀ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Curtis sì ń mi orí lọ́kọ̀ọ̀kan. A jọ yan ìdẹ lórí ògiri náà, àwa mẹ́ta. Mo mú irin pẹlẹbẹ pupa tó máa ń yí tí omi bá ń ṣàn lù ú, mo gbé e sí ojú fóònù, Bàbá ní ó dára. Mo mú ìdẹ onígi kékeré tó ń mi ìdí bí ẹja tó ṣàìsàn, wọ́n ní kí n mú méjì. Mo mú ẹyin ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n dì sínú àwọ̀n tínrín, èyí tí wọ́n ń so sábẹ́ ohun tó ń léfòó. Wọ́n ronú díẹ̀ kí wọ́n tó ní, "Ẹyin ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀? Mú un. Inú á bí i sí ìyẹn." Ìwọ̀ ni mo fi parí rẹ̀. Mo gbé e lé èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ mú. Èyí tó bá yọ̀, mo dá a padà, èyí tó bá dúró, mo mú un.

Mo ṣì ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá sọ pé, "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

"Láìpẹ́, sà."

"Láìpẹ́ ìgbà wo?"

Mo wo ìwọ̀ tó wà lórí èékánná mi. "Láìpẹ́, Bàbá."

Ọ̀gbẹ́ni Curtis ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró síwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo so ìwọ̀ méjìlá fún un lọ́jọ́ náà mọ́ okùn tínrín, mo sì ká wọn sórí páálí kí wọ́n má baà lọ́ pọ̀ mọ́ra.

Mo rò pé bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyẹn. Mo rò pé mo ti rí ọ̀nà, pé tí mo bá ṣáà ń wá ẹja tuntun bi Bàbá, màá máa rí wọn níbẹ̀ títí ìwé mi yóò fi dé. Mo kọ orúkọ oríṣiríṣi ẹja sínú ìwé kékeré kan tí mo fi sí àpò, bí olùkọ́ tó ń múra iṣẹ́ ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́. Ní ìgbà kẹta, Bàbá gbá fóònù dànù lọ́wọ́ Ìyábọ̀. Ẹ̀rù ohùn tó wà nínú rẹ̀ ń bà wọ́n. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá ò jẹ́ kí ó gbé e súnmọ́ wọn, èmi sì ń bá Ìyábọ̀ nìkan sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ohun tí wọ́n jẹ fún mi, àti bóyá wọ́n sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, mo ń sọ fún un pé kó máa sinmi, ó ní, "Ta ló máa dúró tì wọ́n tí mo bá ń sinmi, Sista mi?"

Ọ̀gbẹ́ni Curtis padà dé nígbà tí ewé ti ń pupa. Ó bọ́ fìlà, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí káńtà níwájú mi. Àgbàlagbà kan dúró nínú odò, omi dé ìbàdí rẹ̀, ó gbé ẹja kan mọ́ra tó gùn tó apá ènìyàn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi ló pa á," ni Ọ̀gbẹ́ni Curtis wí. "Kì í ṣe èmi. Irin pupa yẹn ni. Bàbá rẹ ní kí a jẹ́ kí ó kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èmi ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kẹfà, àbúrò mi ló ní rárá, bàbá náà sọ pé mẹ́wàá." Ó nu ojú. "Sọ fún wọn. A jẹ ẹ́ o, a ò dá a padà. Sọ ìyẹn náà fún wọn."

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Ìyábọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ní ara Bàbá balẹ̀ díẹ̀, kí n gbìyànjú. Ọkọ mi wà nílé lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì mí lórí àga. Ìyábọ̀ ti fi fọ́tò náà hàn wọ́n kí ó tó kọjú fóònù sí wọn.

"Ẹja ńlá ni," ni Bàbá wí. Ohùn wọn tutù. "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?"

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Bàbá ò pè mí ní ẹ̀yin rí.

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn tó pa á."

"Èmi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín fún àlejò. "Ẹ ṣeun. Níbo lẹ ti ń pè?"

Mo gbọ́ Ìyábọ̀ lẹ́yìn. "Bàbá, ọmọ yín ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Fi wọ́n sílẹ̀, Ìyábọ̀," ni mo wí. Mo ní, "Atlanta ni mo ti ń pè, sà."

"Háà. Mo ní ọmọ kan níbẹ̀. Obìnrin. Àkọ́bí mi ni."

Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Mo ní, "Irú ènìyàn wo ni, sà?"

Wọ́n wo òkèèrè, kúrò lójú fóònù. "Ọwọ́ rẹ̀ yá. Tí ìwọ̀ bá gún un, kì í ké. Á fi ìka sẹ́nu, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó wù mí kí ó dúró tì mí, ṣùgbọ́n mo lé e. Mo ní kí ó lọ kàwé. N ò sọ fún un pé ó wù mí." Wọ́n tún wo ojú fóònù. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le, sà."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un kí ó má kánjú wá o. Òjò àrọ̀kúrò ti dé, ojú ọ̀sà ò dára. Tí omi bá rọlẹ̀, èmi fúnra mi á wa ọkọ̀ lọ pàdé rẹ̀."

"Màá sọ fún un, sà."

"Ẹ ṣeun," ni Bàbá mi wí fún mi. "Ẹ ṣeun gan-an ni."